Ilé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jogún

Ilé méjì ni bàbá bàbá wa gbé láyé, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Ọ̀kan wà ní Ìkìrun. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, inú ọgbà rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹbí máa ń dà sí bí ọdún bá dé. Èkejì jẹ́ ilé ilẹ̀ kékeré kan ní kọ́tàsì rélùwéè: yàrá méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, ilé ìdáná lẹ́yìn, páànù lórí. Ìlú kan lójú irin ni. A ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ò rán wa níṣẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé níbo ni ilé bàbá yín, kíá la máa ń dáhùn pé Ìkìrun.

Lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ẹ mọ bí ìtàn ṣe máa ń pọ̀ nígbà tí àlejò bá ti lọ tán, tó wá ku kìkì ọmọ ilé àti ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọdún 11 péré ni bàbá fi gbé ilé Ìkìrun kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọdún 28 ló fi gbé kọ́tàsì, láti 1943 títí di 1971. Ibẹ̀ ló gbé ìyàwó wọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá wa àgbà bí ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní ó gbá ilẹ̀ ilé náà mọ́ tónítóní, ó ti ilẹ̀kùn, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n sì fún un ní ìwé pé ó ti dá a padà. Ó wá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé. Ìwé yẹn ṣì wà nínú àpótí rẹ̀. Òun nìkan ni ohun tó wà lọ́wọ́ wa tó fi hàn pé ó gbé ibẹ̀ rí.

Àbúrò wa kan ló wá sọ̀rọ̀: “Ilé yẹn ṣì wà o. Mo kọjá níwájú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ṣé kò yẹ kí wọ́n máa tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àfin?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Kọ́tàsì kẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín parí, a ò rí èsì gidi kan fún un. Ìdí tí a fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí a máa ń lò. Àjogúnbá. Ogún wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ogún sì nílò ènìyàn méjì: ẹni tó kú tó ní nǹkan, àti ẹni tó ṣẹ́kù tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bàbá wa àgbà kò ni ilé kọ́tàsì. Ó ń gbé e ni. Ká ní ó kú síbẹ̀ pàápàá, ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbà ni ọjọ́ tí wọn gbọ́dọ̀ kó jáde. Ilé tí a kò lè jogún, báwo ló ṣe fẹ́ di àjogúnbá? Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ lọ́yà ló gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀, ó sì rò pé òun ti parí ẹjọ́.

Àwọn mìíràn nínú wa gba ọ̀nà àṣà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ títọ́jú ògiri àtijọ́, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ká má parọ́, wọn kò jẹ̀bi. Ilé alámọ̀ ni àwọn baba ńlá wa kọ́. Òjò ń jẹ ẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn ń sán an, wọ́n á wó o, wọ́n á tún un mọ. Agboolé kan lè wà níbì kan fún 200 ọdún kó má sì sí ògiri kan níbẹ̀ tó tó 40 ọdún. Kò sẹ́ni tó sunkún. Àwa la tún pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ wo òwe yẹn dáadáa: ààfin jó, a sì ń yọ̀! Bákan náà ni a máa ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó rò pé páànù àti fèrèsé ni wọ́n ní ká wò. Ilé tó wà nínú ìdílé, nínú agboolé, nínú ọmọ ilé, ènìyàn ni. Ògiri wulẹ̀ ń bò wọ́n lásán ni.

A jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí pẹ́, nítorí pé ó lágbára ju ti lọ́yà lọ. Bí ilé bá jẹ́ ènìyàn, tí àwọn ènìyàn sì ń bẹ, kí la fẹ́ fi bíríkì àtijọ́ ṣe?

Ohun tó tú u fún wa ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, ta ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá ní kọ́tàsì? Àǹtí wa àgbà, tí wọ́n bí síbẹ̀, rántí bàbá kan láti Ọ̀ffà, ó rántí ìdílé Ìgbò kan tí ìyá wọn máa ń fún wọn ní àkàrà, àti ọkùnrin Núpé kan tí kò fẹ́ ariwo. Orúkọ wọn ńkọ́? Ó mọ orúkọ inagijẹ ẹnì kan. Ibo ni wọ́n lọ? Olúkúlùkù lọ sílé rẹ̀. Ní Ìkìrun, bí ògiri bá wó lónìí, baálé wà, mọ́gàjí wà, oríkì wà, sàréè wà, ẹnì kan ṣì máa tọ́ka sí ilẹ̀ pé ibí ni yàrá lágbájá. Kọ́tàsì kò ní baálé. Kò sẹ́ni tó kì í rí. Wọn kì í sin òkú síbẹ̀. Àwọn tó gbé ibẹ̀ jọ gbé fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n jọ jìyà, wọ́n jọ ṣayẹyẹ, wọ́n sì tú ká bí èrò ọkọ̀. Gbogbo ohun tí a ń sọ pé Yorùbá fi ń rántí láìlo ògiri, kò sí ọ̀kan níbẹ̀.

Nítorí náà, òwe ilé ọba tó jó, òwe ilé ọba ni. Ààfin jó, ìlú á kọ́ ọ padà, nítorí pé ìlú wà. Bí ilé òṣìṣẹ́ bá wó ńkọ́? Àwa rò pé ibi tí ògiri ti ṣe pàtàkì jù gan-an ni ibi tí kò ti sí ìdílé tó máa rántí. Ẹni tó ní oríkì lè fi ilé ṣòfò. Ẹni tí kò ní ju nọ́ńbà kọ́tàsì lọ, ilé yẹn ni oríkì rẹ̀.

Ìtàn irú ilé yìí kò sì kéré. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó; ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ sí òkè Ọya. Ibi tó bá gbà ni iṣẹ́ olówó oṣù ń gbà. Àwọn ọmọkùnrin tí bàbá wọn ń fi oòrùn mọ àkókò wá di ẹni tí fèrè ń jí. Iṣẹ́ wá ń bá ilé rìn: bí o bá ní iṣẹ́, o lè ní yàrá, bí iṣẹ́ bá bọ́, yàrá bọ́. Láàrin ogun àgbáyé méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ilé òṣìṣẹ́ wá gbóná. Àrùn eku ti bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, nígbà tó sì di 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ láti máa wó àwọn àdúgbò tó há, kí wọ́n sì la ilẹ̀ tuntun, bíi ti Yaba. Èrò ìgbà yẹn hàn lára ilé bàbá wa: kékeré, gígùn gbọọrọ, ó dọ́gba pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e, àlàfo wà láàrin kí afẹ́fẹ́ lè gbà, kí ọ̀gá náà sì lè rí gbogbo ẹnu ọ̀nà bó bá dúró sí ìpẹ̀kun ìlà. Àwọn òyìnbó ní tiwọn lápá ọ̀tọ̀.

Inú ilé yìí náà ni ebi 1945 ti bá wọn. Nígbà ogun, owó ọjà ga sókè, owó iṣẹ́ jókòó síbi tó wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè ṣílè méjì àti sísì pẹ́ńsì lójúmọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, àti kí àfikún nítorí ọ̀wọ́n gógó lé ní ìdajì. Michael Imoudu, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba ti lé lọ sí Auchi, ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni, ọ̀pọ̀ èrò ló sì lọ pàdé rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, iṣẹ́ dúró. Ó lé ní oṣù kan. Hubert Ogunde fi ṣe eré, ó pè é ní Strike and Hunger, ọdún yẹn gan-an.

Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ló wà nínú ìwé ìtàn. Ohun tí ìyá wa àgbà sọ fún àǹtí wa yàtọ̀ díẹ̀: ó ní ọkọ òun yanṣẹ́ lódì, òun ò yan tòun. Ó ń ta ẹ̀kọ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àwọn obìnrin ọjà sì ń fún un ní àgbàdo láwìn. Owó ẹ̀kọ ni wọ́n jẹ. Lára àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ní ibi tó ti máa ń pọ́n ọ̀bẹ. Ọdún 28, ọ̀bẹ kan náà, etí àtẹ̀gùn kan náà. Ó ti jẹ ẹ́ wọlé bí ìgbà tí ènìyàn bu búrẹ́dì jẹ.

A rí ibẹ̀. Ní oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, àwa mẹ́rin kó àǹtí wa sínú ọkọ̀, a lọ.

Àǹtí wa kò wo ògiri. Ẹ̀yìn ilé ló gbà tààrà, ó ń wá igi gúáfà kan. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n rì ibi àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́. Igi ti lọ. Ilé adìẹ ló wà níbẹ̀. Ó dúró níwájú adìẹ fún ìgbà díẹ̀, kò sọ nǹkan kan, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tí à ń ya fọ́tò nìyẹn. (Ọ̀kan nínú wa ṣì yà á. A ti bá a wí.) Wọn kò sin òkú síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wa wà nínú ilẹ̀ yẹn, kò sì sí ìwé ilẹ̀ kankan tó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Obìnrin tó ń gbé ibẹ̀ báyìí gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún àǹtí wa ní àga, ó fún wa ní omi. A kúnlẹ̀ kí i, àwọn ọkùnrin wa dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé ara wa. A sọ fún un pé a gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa pa irú ilé yìí mọ́.

Ó wò wá. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ ẹni tí a lè bẹ̀, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó wó o. Kó kọ́ fúláàtì fún wa. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́, abẹ́ tábìlì là ń tẹ́ ẹní sí fún àwọn ọmọ. Ilé ìtura wà lóde. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé ibẹ̀ ńkọ́?”

Ojú tì wá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú àwa mẹ́rin, kò sẹ́ni tí ilé rẹ̀ kò ní táìlì. Ó rọrùn láti fẹ́ràn páànù àtijọ́ bó bá jẹ́ pé orí ẹlòmíì ló ń jò sí. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àjogúnbá tí à ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú wa ló ń sọ ọ́: à ń fẹ́ kí tálákà máa bá wa gbé inú ìrántí wa, kó má sì yí fèrèsé padà nítorí pé fọ́tò á bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé ohun tí a fẹ́ pa mọ́ ni ìnira yẹn, a jẹ́ pé àwa àti ọ̀gá tó kọ́ yàrá méjì fún ènìyàn mẹ́jọ, ẹgbẹ́ kan náà ni wá.

Ṣùgbọ́n àbá wíwó náà kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ní Johannesburg, ní Newtown, ọgbà ibùgbé kan wà tí ìjọba ìlú náà kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọkùnrin tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ aya àti ọmọ. Pẹpẹ kọnkéré ni wọ́n ń sùn lé. Wọ́n ti sọ ọ́ di Mùsíọ́ọ̀mù Àwọn Òṣìṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sùn lórí kọnkéré yẹn mọ́, kọnkéré náà sì wà níbẹ̀. Ó kọ́ wa pé ẹ̀rí ìyà yàtọ̀ sí ìyà fúnra rẹ̀. A lè dá ìkejì dúró ká má ba èkíní jẹ́. Òrùlé ilé bàbá wa, ẹ ṣí i lọ́la. Ẹ kọ́ ilé ìtura sínú. Ẹ so ilé méjì pọ̀ kí ìdílé kan lè ní yàrá mẹ́rin. Nínú ìlà ilé tó wà níbẹ̀, bí wọ́n bá fi díẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi ilẹ̀ yòókù kọ́ fúláàtì, àwa á gbà. Ohun tí a ń ṣọ́ kò ju bí ilé náà ṣe tò, bó ṣe kéré tó, àti etí àtẹ̀gùn kan lọ.

Ìyẹn ni pé a mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ṣe é. Ẹ wo bí à ń ṣe yàn. Nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ fún ọ̀gá. Ẹgbẹ́ Legacy 1995 ti tún un ṣe, ó ti di mùsíọ́ọ̀mù kékeré, inú wa dùn sí i, ẹ lọ wò ó. Ilé àwọn tó ń bá ọ̀gá yẹn ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ní Soweto, ní òpópónà Vilakazi, ilé Mandela kò tóbi ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, ilé alábúrò kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Mandela ló gbé ọ̀kan. A jẹ́ pé kí ilé òṣìṣẹ́ tó níyì, ẹni ńlá gbọ́dọ̀ ti kọjá níbẹ̀. Ká ní Imoudu sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1945, à bá ti rí nǹkan sọ. Kò sùn síbẹ̀. Bàbá wa ló sùn síbẹ̀, ẹni tó ń tún ojú irin ṣe, tí Imoudu kò bá ní ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ lásán ni ì bá máa sọ.

Àti pé orúkọ ńlá pàápàá kì í dáàbò bò tán. Ilé Fernandez ní Tinúbú, Ìlọ́jọ̀ Bar, tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016, katapílà wó o. Bí èyí tó ní ìwé bá lè lọ bẹ́ẹ̀, ta ni máa bá wa ka ìlà kọ́tàsì?

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ gbà fún àwọn ẹlẹ́nu òwe nínú wa. Yorùbá ní ògiri létí. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó lẹ́nu. Bí wọ́n bá tún ilé yẹn ṣe lónìí, tí wọ́n kùn ún lọ́dà funfun, tí wọ́n fi bàbà kọ nǹkan sí i lára, ẹni tí kò gbọ́ nípa ẹ̀kọ 1945 máa rí àtẹ̀gùn tó jẹ, á sì ní kí bíríkìlà wá dí i. Ó nílò ẹni tó máa sọ pé ẹ má dí i. Àwa sì ti dàgbà tó báyìí láìmọ̀ pé àtẹ̀gùn kan wà.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, obìnrin yẹn mú ọ̀bẹ láti gé ilá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú ọ̀bẹ ra etí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta, ní ibi tó ti jẹ yẹn gan-an, bí ẹni tí kò tilẹ̀ ronú sí i. Àǹtí wa bi í pé ta ló fi ibẹ̀ hàn án. Ó ní kò sẹ́ni tó fi hàn án, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá a, ibẹ̀ ló dára jù láti fi pọ́n ọ̀bẹ.

Ẹ̀gbọ́n wa lọ́yà kò sọ̀rọ̀ ogún mọ́ nínú ọkọ̀. Ọ̀nà jìn, àǹtí wa sì ti sùn.

Ohun tí a ń ṣe báyìí kéré. A ní ìwé kan, a pín in fún ara wa lórí Google Docs. A ti wọn ilé náà, a ya gbogbo igun rẹ̀, a kọ ohun tí àǹtí wa rántí. A sì ń to orúkọ gbogbo ìdílé tó ti gbé ibẹ̀ rí, ti obìnrin yẹn wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ó fi ìbéèrè rẹ̀ nípa fúláàtì kún un, ó ní ká kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdílé mẹ́rin la ti rí. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn bàbá wa gẹ́lẹ́ ní 1971, tí wọ́n bá ilẹ̀ ní gbígbá, ni a ṣì ń wá.